Ibadana: Aláǹtakùn Kékeré Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìbàdàn

Ibadana ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìdílé (genus) aláǹtakùn kan, wọ́n sì fà á yọ láti ara Ìbàdàn. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, Ibadana cuspidata. Ó wà lára àwọn aláǹtakùn tín-ín-tín tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, tí wọ́n ń gbé nítòsí ilẹ̀, láàárín koríko àti ewé gbígbẹ. Àgbẹ̀ tó ń roko ní Tẹ̀dé ní Òkè-Ògùn ń fi ọkọ́ tú ilé irú wọn ká láìmọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kó ìtàn yìí jọ ni pé àwọn ìwé kò fẹnu kò: èyí ní Linyphiidae ni agboolé (family) wọn, ìyẹn ní Erigonidae, òmíràn ní Micryphantidae.

Blackwall, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló dá Linyphiidae sílẹ̀ ní 1859. Ní 1882, Emerton ní Amẹ́ríkà ya àwọn aláǹtakùn ìdílé Erigone àti ìbátan wọn sọ́tọ̀, àwọn kan sì tẹ̀ lé e débi pé wọ́n fún wọn ní agboolé tiwọn, Erigonidae. Åke Holm, ará Sweden, ẹni tó ti kọ̀wé ńlá ní 1962 lórí aláǹtakùn àwọn òkè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wà nínú wọn. Ìwé rẹ̀ ti 1968 pe Erigonidae àti Linyphiidae ní agboolé méjì. Lọ́dún yẹn gan-an, G. H. Locket kọ̀wé lórí ti Àǹgólà, Linyphiidae nìkan ló sì pè wọ́n.

Holm kò ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ẹ̀gún àti irun ẹsẹ̀ àwọn Erigone àti ìbátan wọn yàtọ̀, orí ọ̀pọ̀ akọ wọn sì máa ń yọ gọngọ. Ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí ń wọnú ara wọn. Onímọ̀ aláǹtakùn kan, Millidge, wo ẹ̀yà ara tí akọ fi ń gùn ní 1977, ìlà kan tó lè pín wọn sí méjì gedegbe kò sì yọ. Onímọ̀ mìíràn, Hormiga, tún fi ìtàn ìran wọn hàn ní 2000 pé inú Linyphiidae ni àwọn Erigone wà. Locket ló jàre. Ti Micryphantidae kò gba àríyànjiyàn, orúkọ àpatì ni.

Ní 1980, Locket àti A. Russell-Smith tẹ ìwé lórí Linyphiidae Nàìjíríà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ aláǹtakùn Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Ibadana ti kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti rí i ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Àkójọ orúkọ aláǹtakùn àgbáyé, tí onímọ̀ aláǹtakùn Platnick ń bójú tó títí di 2014, ti wà lọ́wọ́ mùsíọ́mù kan ní Bern báyìí, Ibadana sì dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ògùn, bí ẹ bá gbọn ewé gbígbẹ sórí aṣọ funfun tí ẹ sì rí irú rẹ̀, ẹ fi sínú ọtí líle, ẹ kọ ibi àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì rí i pé akọ wà níbẹ̀, torí ẹ̀yà ara tí akọ fi ń gùn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń wò.