Ohùn Ìsàlẹ̀: Bí Gìtá Báàsì Ṣe Jókòó Sí Ipò Agídìgbo

 Ọ̀rọ̀ tí a ó jíròrò lé lórí lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olórin nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ ìtàn sì ni pẹ̀lú. Ó kan olúkúlùkù ẹni tí a ti fi ìlù kì rí. Ọ̀rọ̀ gìtá báàsì ni: irú èyí tí àwọn atagìtá wa yàn láàyò, irú okùn tí wọ́n ń fi sí i, àti irú ohùn tí wọ́n ń fẹ́ kí ó ti ara rẹ̀ jáde.

Ìtórí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àríyànjiyàn náà, ìlú tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Níbi ìnáwó òkú àgbà kan ni. Ẹgbẹ́ jùjú kan ń ṣeré, onígángan sì ń fi ìlù ki àwọn ọmọ olóògbé láti orí baba dé orí baba-ńlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta báàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn tuntun sí gìtá rẹ̀ ni, ohùn gìtá náà sì ń dún gbàn-ìn gbàn-ìn bí agogo. Nígbà tí eré parí, àkọ́bí olóògbé, tí òun náà ti di ìyá àgbà, wí pé òun rí ọwọ́ onílù, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ orúkọ baba òun. Bàbá kan tí ó ti ta báàsì rí nígbà èwe rẹ̀ bá pe ọmọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Ọmọ mi, gìtá rẹ dára, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ gángan lẹ́nu." Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, bàbá. Bí ohùn rẹ̀ kò bá mú báyìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni mo gbé wá síwájú yín, nítorí pé ìtàn gígùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, a ní kẹríkẹrì tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, a sì ní gúdúgúdú tí ohùn tirẹ̀ wà lókè. Àwọn onílù bàtá a máa lẹ ìda mọ́ ojú ìyáàlù, kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, kí ìró rẹ̀ má sì gùn kọjá bí ó ti yẹ. Èyí fi hàn gbangba pé kí gìtá tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ bí a ṣe ń yan ohùn, tí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń dín ariwo ohun èlò kù kí òmíràn lè rí àyè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a wá kan agídìgbo. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Agídìgbo tí àwọn olórin ọ̀rúndún ogún lò jẹ́ àpótí onígi tí a kan irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ lójú. Ẹni tí ó ń ta á a gbé e lé itan, a sì máa fi ìka ta irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ ki, ó sì kúrú. Kò pẹ́ tí ó bá dún tí ó fi ń kú. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó di olóògbé ní ọdún 1983, fi ohùn agídìgbo sí ìdí orin àpàlà. Fatai Rolling Dollar, tí ó kú ní ọdún 2013, ta agídìgbo, ó sì ta gìtá pẹ̀lú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ báàsì. Ní erékùṣù Kúbà, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú, àpótí onírin kan wà tí wọ́n ń pè ní marímbula, òun sì ni ó ń dún nísàlẹ̀ orin wọn títí tí báàsì onígi ńlá fi gba ipò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920.

Báwo wá ni gìtá báàsì ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa? Iná mànàmáná ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ènìyàn díẹ̀ lọ, nítorí pé gìtá tí kò ní ẹ̀rọ kò lè bá ìlù púpọ̀ du ohùn. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni gángan wọ inú jùjú, ní ọdún 1949 sì ni Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti kó ìlù tí ó pọ̀ sínú jùjú kí gìtá má sì sọnù láàárín wọn. Àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù, irú èyí tí Bobby Benson dá sílẹ̀ ní Èkó, ń lo báàsì onígi tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wúwo ni í ṣe fún ẹni tí ó ní láti gbé e lọ sóde ìnáwó láti ìlú dé ìlú.

Ní ọdún 1951, Leo Fender, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé gìtá báàsì oníná kan jáde tí ó pè ní Precision Bass. Okùn mẹ́rin ni ó ní, gígùn okùn náà láti ìdí dé orí ọrùn sì jẹ́ ínǹṣì 34. Àwọn irin tín-ín-rín tí ó tò sí ọrùn rẹ̀ ni ó jẹ́ kí atagìtá lè tẹ ohùn gẹ́lẹ́ láìṣì í, ohun tí orúkọ gìtá náà sì túmọ̀ sí nìyẹn. Ní ọdún 1960, ó tún gbé Jazz Bass jáde, tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí ohùn rẹ̀ sì mú jù. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Höfner ti ṣe tirẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, tí ó rí bí fayolíìnì, èyí tí Paul McCartney sọ di olókìkí káàkiri ayé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ okùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà Ìtórí wà. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkínní ni okùn tí a fi irin pẹlẹbẹ wé. Ara rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ó tutù. Èkejì ni okùn tí a fi wáyà róbótó wé. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ohùn rẹ̀ sì mú, ó ń tàn bí irin tuntun. James Jamerson, tí ó ta báàsì fún ilé iṣẹ́ orin Motown ní ìlú Detroit, fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ okùn rẹ̀ àfi bí ó bá já. John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ti èkejì ní tirẹ̀, láti àárín àwọn ọdún 1960.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú èdè Yorùbá? Ó ní í ṣe púpọ̀. Okùn tí ó nípọn jù lára báàsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ni ó ń jáde. Àwọn ohùn kéékèèké mìíràn ń gun orí ara wọn lókè rẹ̀, ní 82, ní 123, ní 164, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí okùn bá jẹ́ tuntun, tí ó sì jẹ́ oníwáyà róbótó, àwọn ohùn òkè wọ̀nyí a lágbára, wọn a sì gòkè dé agbègbè tí gángan ti ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ èdè wa. Kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Bí nǹkan mìíràn bá da ohùn wọ̀nyí rú, gbólóhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí okùn bá jẹ́ pẹlẹbẹ, tàbí tí ó ti gbó, àwọn ohùn òkè yẹn a rẹ̀ sílẹ̀, báàsì a sì jókòó síbi tí agídìgbo jókòó sí. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà àgbà lásán ni bàbá Ìtórí yẹn hù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a dá ọmọdé lẹ́bi láìwo tirẹ̀. Ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 41 kò lè ti inú ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kékeré jáde, ká má tilẹ̀ wá sọ ti fóònù tí àwọn ènìyàn fi ń gba eré sílẹ̀ lóde ìnáwó. Àwọn ohùn òkè tí bàbá ń bínú sí gan-an ni etí ń tẹ̀lé láti mọ̀ pé báàsì ń dún. Bí a bá pa wọ́n tán, ẹni tí ó ń gbọ́ orin náà nílé kò ní í gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ gìtá àti ìlù. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ nígbà tí ó ní ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Kí a lè rí ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì, mo fẹ́ kí a wo àwọn olórin méjì tí àgbègbè wa bí. Ojú irin tí ó ti Èkó wá gba Ìfọ̀ àti Ìtórí kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta ni a ti bí Fẹlá ní ọdún 1938. Ìdógò, ní òpin ẹ̀ka ojú irin tí ó yà ní Ìfọ̀, ni a ti bí Ebenezer Obey ní ọdún 1942. Obey, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Fatai Rolling Dollar tẹ́lẹ̀, dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964. Òun àti Sunny Adé wà lára àwọn tí ó fi ìdí gìtá báàsì múlẹ̀ nínú jùjú, tí wọ́n sì sọ gìtá di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú orin Obey, tí ó sọ ní Mílíkì, báàsì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dákẹ́ nígbà tí ó yẹ, nítorí pé gángan ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ní ti Fẹlá, ètò rẹ̀ yàtọ̀. Nínú Afrobeat, ẹnu Fẹlá fúnra rẹ̀ àti fèrè ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Gángan kọ́ ni ó ń kéde. Nítorí náà báàsì láǹfààní láti bọ́ síwájú. Maurice Ekpo àti Nweke Atifoh wà lára àwọn tí ó ta báàsì fún un ní àwọn ọdún 1970. Wọn a mú gbólóhùn orin kúkúrú kan, wọn a máa tún un ta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ẹgbẹ́ a sì kọ́lé lé e lórí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: kí atabáàsì tó bi ara rẹ̀ léèrè irú okùn tí ó fẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin yìí?" Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, báàsì lè mú. Bí ìlù bá ń sọ̀rọ̀, kí báàsì rọ̀.

Ohun tí ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, iye náírà já wálẹ̀, owó ohun èlò orin tí ó ń ti òkè òkun wá sì fò sókè. Ó nira láti bọ́ ẹgbẹ́ jùjú ńlá. Orin fújì, tí ó gbára lé ìlù, ti gba ọ̀pọ̀ òde lọ́wọ́ wọn. Àwọn atabáàsì tí ó kù ń ra gìtá tòkunbọ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń se okùn àlòkù nínú omi gbígbóná kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè jáde, kí ohùn rẹ̀ sì tún mú díẹ̀. Ní ọjọ́ òní, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ báàsì. Olókùn márùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, èyí tí okùn karùn-ún rẹ̀ tún lọ sísàlẹ̀ ju ti Fender àkọ́kọ́ lọ. Orin ìyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ gángan, nítorí náà ohùn mímú ni etí wọn mọ̀. Ọmọkùnrin tí a rí ní Ìtórí gbé ohùn ṣọ́ọ̀ṣì wá sídìí jùjú ni. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Bọ́tìnnì wà lójú gìtá tí a lè yí láti rẹ ohùn òkè sílẹ̀. A lè fi àtàǹpàkò ta á dípò ìka. A lè fi fóòmù díẹ̀ há abẹ́ okùn lápá ìdí, gẹ́gẹ́ bí Fender fúnra rẹ̀ ti ṣe é sínú ìdérí gìtá rẹ̀ àtijọ́. Àbí kí ni ìyàtọ̀ fóòmù yìí sí ìda tí onílù bàtá ń lẹ̀ mọ́ ojú ìlù? Nígbà tí onígángan bá sì dákẹ́, kí ọmọ náà yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà, kí ó jẹ́ kí ayé gbọ́ òun.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ okùn lọ ni pé àwọn tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí ń lọ. Orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ó máa ń wà gàdàgbà lára àwo orin. Ti ẹni tí ó ta báàsì ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìtórí, ní Wásìmí, ní Ìfọ̀ àti ní Abẹ́òkúta, bí bàbá kan bá wà ládùúgbò yín tí ó ti ta báàsì tàbí agídìgbo rí, ẹ lọ jókòó tì í, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣeré sílẹ̀, kí ẹ sì mú atagìtá kékeré kan dání lọ. Ọlọ́gbọ́n ti jó agídìgbo. Ó ku kí ọ̀mọ̀ràn kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.