Báàjì Ẹlẹ́ṣin Bàámi

Báàjì kan wà nínú àpótí bàámi: MKO Abíọ́lá àti ẹṣin SDP ló wà lára ẹ̀, wọ́n kọ "Hope '93" sí i.

Ní 1979, UPN Awólọ́wọ̀ ni bàámi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Sábó dìbò fún. Àwọn onílé ò bá wọn lọ síbẹ̀. PRP Àmínù Kánò ló mú Kánò. Àmọ́ ní June 12, 1993, Abíọ́lá borí Bashir Tofa ní Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa gan-an! Àwa àtàwọn aládùúgbò wa jọ dìbò síbì kan náà.

Ní June 23, ìjọba Babangida wọ́gi lé ìbò náà. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn wa, ọ̀pọ̀ di ẹrù, wọ́n gba ilé lọ. Bàámi ò lọ. Ó kàn fi aṣọ wé báàjì ẹ̀, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Ìgbà tí ìjọba sọ June 12 di Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa ní 2018 ló tó tú u. Ó ní, "Ibi a ń gbé là á ṣe. Níbí ni kẹ́ ẹ ti gba káàdì ìdìbò yín."

Kí ló wà nínú àpótí tiyín?