Pàṣípààrọ̀ Ló Bí GTO

Tẹ́nì kan bá ra Pontiac GTO 1964 tó ti gbó, ìbéèrè kan wà tó máa ń dájà sílẹ̀: ṣé kó tún ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò náà wáyé ṣe ni, àbí kó gbé tuntun sí i?

Ẹ jẹ́ ká wo bí mọ́tò náà ṣe dáyé ná. Nígbà náà, General Motors ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì inú mọ́tò tí ò tóbi púpọ̀ kọjá kúbíìkì ínṣì 330. Ṣùgbọ́n John DeLorean, Bill Collins àti Russ Gee mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì 326 inú Tempest àti 389 inú àwọn mọ́tò ńlá, ìta wọn ò yàtọ̀. Ibi tí ọ̀kan bá jókòó sí, èkejì á jókòó síbẹ̀. Ni wọ́n bá sọ 389 di àfikún tí oníbàárà lè sanwó fún. 32,450 ni wọ́n ṣe jáde lọ́dún àkọ́kọ́.

Torí náà, ẹni tó ní pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ń ba ìtàn jẹ́, ìtàn gan-an ló gbàgbé.

Tí 389 náà bá ṣì ṣeé tún ṣe, àwa á tún un ṣe. Tó bá ti kú pátápátá, LS1 tó kọ́kọ́ wọ Corvette 1997 dáa: alumíníọ̀mù ni, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ bíréèkì ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Dúrọ́ọ̀mù ló wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin GTO 1964. Mọ́tò tó lè sáré tí ò lè dúró, ikú ló ń gbé kiri.