Àwọn Ọmọ Ilé ní Bilbao

Ẹ̀kọ́ àṣà ni mo rí kọ́ nínú sáà 1983 sí 1984 tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Athletic Bilbao lò ní Sípéènì. Ọmọ ilẹ̀ Basque, tàbí ẹni tí a tọ́ níbẹ̀, nìkan ni wọ́n ń gbà. Àmì 49 ni àwọn àti Real Madrid jọ ní nínú líìgì. Èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó gbé Bilbao lékè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1984, wọ́n gba Ife Ọba mọ́ Barcelona àti Maradona lọ́wọ́. Endika ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó tún gba ife náà, síbẹ̀ wọn kò pa àṣà wọn tì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sùúrù ni owó ẹ̀ṣọ́ náà.