Nínú Ìwé Márùn-ún Fágúnwà, Èwo Lẹ Fẹ́ràn Jù, Èwo Lẹ Ò Fẹ́?

Bí ẹ bá kó ọmọ ẹgbẹ́ wa márùn-ún sínú yàrá kan, tí ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó dùn jù nínú ìtàn ọdẹ D. O. Fágúnwà, ìpàdé ọjọ́ náà ò ní tán bọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní Ògbójú Ọdẹ ni, kò sí òmíràn. Ẹlòmíràn á ní ẹni tí kò bá tíì ka Igbó Olódùmarè, kó ṣì pa ẹnu mọ́ ná. Ẹni kẹta, tí wọ́n fi tipátipá mú ka ọ̀kan ṣoṣo ní sẹ́kọ́ńdìrì, á ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọdẹ mọ́ láyé òun. Irú àríyànjiyàn yìí náà ni àwọn tó ń ta géèmù ń ṣe lórí Final Fantasy: ẹni tó bá apá keje pàdé nígbà èwe á ní lẹ́yìn keje kò tún sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ta géèmù. Irú géèmù tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti ìbọn yínyìn lásán. Ẹ ó mú akọni kan, ẹ ó kó ẹlẹgbẹ́ jọ fún un, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀kan mọ idà, ọ̀kan mọ oògùn, ọ̀kan ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Wọn á rìn gba inú igbó àti ihò, wọn á pàdé iwin lóríṣiríṣi, títí wọn á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn ará Jàpáànì gbé Dragon Quest jáde ní 1986, wọ́n gbé Final Fantasy jáde ní 1987, àwọn méjèèjì sì ń bí àbúrò lé àbúrò títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan: 1987, ẹ yọ 1938 kúrò nínú ẹ̀. Ó ku 49. Ọdún 49 kí Final Fantasy tó dáyé ni olùkọ́ kan láti Òkè-Igbó ti kó ọdẹ méje jọ sínú ìwé, tó ní ó yá, Òkè Lángbòdó là ń lọ.

Ní 1903 ni wọ́n bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ó lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ọ̀yọ́ yìí ló wà nígbà tó kọ̀wé fún ìdíje kan tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936. CMS ló tẹ ìwé náà ní 1938: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò tún gbúròó ìtàn ọdẹ mìíràn lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọdún 11. Nígbà tó máa tún dé, ìbejì ló bí: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó, ní 1949 kan náà. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé e ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì kádìí ẹ̀ nílẹ̀ ní 1961. Ní December 1963, odò gbé e lọ nítòsí Bídà. Ìwé márùn-ún láàárín ọdún 23, kò sì sí ìkẹfà.

Báwo la ṣe máa wọ̀n wọ́n? Àwọn kan ń fi iwin wọ̀n wọ́n: èyí tí iwin ẹ̀ bá burú jù ló dára jù. Àwọn kan ń fi èdè wọ̀n wọ́n, wọ́n á máa ka gbólóhùn gígùn gígùn sókè bí ẹni ń kéwì. Èmi ò bá wọn jà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo máa ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan. Ta ló rán akọni náà níṣẹ́? Àwọn wo ló bá a lọ? Nígbà tó sì dé, ta ló jẹ èrè ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀ lára Ògbójú Ọdẹ, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ìrìn méjì àkọ́kọ́ tí Àkàrà-oògùn rìn wọ Igbó Irúnmalẹ̀, tara ẹ̀ ló bá lọ. Ó fẹ́ pẹran, ó fẹ́ di gbajúmọ̀, ìyà sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ti bá Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé kò tún nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù. Ìrìn kẹta ló yàtọ̀. Ọba ìlú ló pè é, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí Òkè Lángbòdó nítorí àlàáfíà gbogbo ìlú. Àkàrà-oògùn ò sì dá lọ. Ó wá Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn tó ní agbára, ó wá Ìmọ̀dòye tó ní ọgbọ́n, ó wá Olóhùn-iyọ̀ tó jẹ́ pé bó bá kọrin, gbogbo nǹkan á dákẹ́ gbọ́ ọ. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ̀fọ́ìyẹ́ ni tafàtafà. Àràmàǹdà-Ọkùnrin, bí ooru bá mú, òtútù ló ń mú un. Bí òtútù bá dé, ó ń làágùn. Àkàrà-oògùn fúnra ẹ̀ ló ní oògùn. Ẹ ò rí i? Gbogbo ẹni tí ẹ máa ń yàn lójú tẹlifíṣọ̀n kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dá dé Lángbòdó. Ibi tí kùmọ̀ Kàkó bá ti ṣiṣẹ́, orin ò wúlò níbẹ̀. Ibi tí orin bá ti ṣiṣẹ́, kùmọ̀ á kàn bà á jẹ́ ni. Gbogbo wọn kọ́ ló padà délé, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìrìn náà wúwo lọ́kàn ẹni.

Kò yà mí lẹ́nu pé òun ló lọ jìnnà jù nínú márààrún. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tó pè ní Langbodo, eré yìí ni Nàìjíríà sì gbé lọ sí FESTAC ní 1977 lójú gbogbo àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn fẹ́ràn náà ní àléébù. Lọ́jọ́ tí Kàkó máa bá wọn lọ, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn, ó ní kò ní lọ. Àdá ni Kàkó fi dá a lóhùn. Ó pa á, ìrìn àjò sì ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka ibẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì tí a rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń wí pé nítorí ìlú ni wọ́n ṣe lọ, ẹ bi ara yín pé ṣé obìnrin yẹn kì í ṣe ará ìlú ni? Méjèèje ni ọkùnrin, ìwé náà ò sì wá àyè fún ìkẹjọ. Àléébù kejì kéré sí ìyẹn: ọjọ́ méje tí wọ́n lò nílé Ìrágbèje, ìmọ̀ràn lórí ìmọ̀ràn. Ẹni tó mọ́ lára láti máa tẹ bọ́tìnì fo ọ̀rọ̀ kọjá nínú géèmù á wá bọ́tìnì náà níbẹ̀, kò ní rí i.

Igbó Olódùmarè ló ṣe ìkejì lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún 11, gbogbo èèyàn ń retí ohun tí Àkàrà-oògùn tún ṣe, ni Fágúnwà bá yí padà sẹ́yìn, ó lọ sọ ìtàn bàbá ẹ̀, Olówó-ayé. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: bí ọmọ bá ti gbajúmọ̀, wọn á lọ gbé bàbá ẹ̀ jáde. Ìjà ibẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olówó-ayé àti Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù, ẹni tó bá kà á lálẹ́ kò ní tètè sùn. Ibi tó ti fìdí rẹmi sí Ògbójú Ọdẹ ni pé kò sí ọba tó rán Olówó-ayé níṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbé e lọ.

Ìrìnkèrindò ni ìkẹta. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa pariwo. Wọ́n ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni: ẹgbẹ́ ọdẹ tún kóra jọ, òkè tún ni wọ́n ń lọ, Òkè Ìrònú lọ́tẹ̀ yìí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ògbójú Ọdẹ ò ní Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀. Ní ìyókù ìwé, iwin ló ń da ọdẹ láàmú; ní Èdìdàrẹ́, àwọn èèyàn bíi tiwa ni, ìwà wọn ló dà bí iwin. Ẹ sì wo ọdún tó jáde, 1954. Ní January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwé tó ń fi òmùgọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló wà nílẹ̀ de àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ábídí.

Ìrèké Oníbùdó ṣe ìkẹrin. Ó gbé wa kúrò nínú igbó lọ sí òkun, ó sì ní Arògìdìgbà nínú, èyí tó tó ẹ̀rù bà. Ìfẹ́ àárín Ìrèké àti Ìfẹ́pàdé náà dùn. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ tí mi ò rí ni ẹgbẹ́. Ọkùnrin kan àti kádàrá ẹ̀ ni, àwọn tó kù kàn ń wá, wọ́n ń lọ.

Àdììtú Olódùmarè ló gbẹ̀yìn. Ẹ má tíì bínú, ẹ gbọ́ ná. Òṣì àwọn òbí Àdììtú ló lé e wọ igbó. Ó jìyà, ó là, ó padà wálé wá tọ́jú bàbá àti ìyá ẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Ìyùn-adé títí wọ́n fi fẹ́ra. Lẹ́tà yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ra ìwé náà, Ìyùn-adé sì ní ẹnu àti ọkàn tí ìyàwó Kàkó ò ní. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìbéèrè mẹ́ta wa. Ta ló rán an níṣẹ́? Òṣì ilé wọn. Ta ló bá a lọ? Òun nìkan. Ta ló jẹ èrè ẹ̀? Òun, àwọn òbí ẹ̀, àti aya ẹ̀. Ìlú ò sí níbẹ̀.

Ẹ wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde. Ní 1938, ọba ránṣẹ́, méje lọ, nítorí ìlú. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ọmọ kan lọ nítorí ilé kan. Mi ò sọ pé Fágúnwà jókòó, ó ní báyìí ni òun máa ṣe é. Ìwé 1949 méjèèjì fẹ́ràn akọni kan ṣoṣo, ti 1954 sì tún kó ẹgbẹ́ jọ. Ṣùgbọ́n ayé tó ń kọ̀wé fún ti yí padà. Ọmọ ọdẹ ti di akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá iṣẹ́ oṣù ní ìlú ńlá, owó tó bá sì rán wálé, ilé bàbá ẹ̀ ló ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Ìgbẹ́tì gbọ̀ngbọ̀n, torí náà ni mo ṣe ń pariwo. Ọ̀dàn ni tiwa, kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti Òkè-Igbó. Ohun tí a ní ni òkè, Agbélé àti Ìyámàpó, àpáta tó jẹ́ pé ibi tí o bá dúró sí nínú ìlú, ó ń wò ẹ́. Nínú Fágúnwà, èèyàn ń gun òkè lọ wá ọgbọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà ogun, òkè ni wọ́n sá tì. A sì tún ní ohun tí Fágúnwà ò fi sínú ìwé ẹ̀. Àwọn ọdẹ ẹ̀ ń la igbó kọjá kí wọ́n tó dé ìlú. Ọ̀yọ́-Ilé, tí kò jìnnà sí wa, ìlú ló di igbó. Kí 1840 tó pé, ogun ti tú u, Aláàfin Àtìbà ti tẹ ìjọba dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, ìyẹn Ọ̀yọ́ tí Fágúnwà wá ṣe olùkọ́ sí. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè padà di ibùgbé ẹranko, bí kò bá sí ẹni tó ń ti ìrìn àjò bọ̀ nítorí ẹ̀.

Wàyí o, irú ìwé wo ni àwa ń gbé? Ọ̀pọ̀ nínú wa, Àdììtú ni. Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ẹran, wọ́n yá owó kún un, a sì wá sí yunifásítì. Bí a bá ṣe é jáde, a máa kọ́lé fún ìyá wa. Ohun tó dára ni, ọmọ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ Lángbòdó? Wọ́n ń wa òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ ẹrù ń kó o lọ. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta, ọ̀kan ń kọ́ òfin, ọ̀kan mọ ìṣirò owó, ọ̀kan lè kọ̀wé. Méje pé dáadáa, kódà pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin nínú wọn. Kálukú kàn wà nínú ìwé tiẹ̀ ni.

Èyí ni mo fi fi Ògbójú Ọdẹ ṣáájú, tí mo fi Àdììtú gbẹ̀yìn. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ kọ́kọ́ lọ kà wọ́n. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n kọ “aiye” àti “enia” sínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lé yín sá. 1974 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò lórí ọ̀nà ìkọ̀wé tí à ń lò nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ tiyín, ẹ tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn olóòtú kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó lọ fún fótokọ́pì. Ẹni tó bá fi Ìrèké ṣe àkọ́kọ́, tiẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà.