Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Èdè Yorùbá àti Ìjọba Ìlú Etíkun Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba òyìnbó sí èdè wa lóde òní kì í wo ilé, wọn kì í wo ọ̀nà. Ìwé atúmọ̀-èdè ni wọ́n ń ṣí, ọ̀rọ̀ tí ojú wọn bá sì kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti kà á níbi tí wọ́n gbé pe Máyọ̀ ìlú kan létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní "ọba ìlú", tí wọ́n pe òfin tí ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe fúnra rẹ̀ ní "òfin ẹ̀gbẹ́", tí wọ́n sì pe owó tí àwọn tó ń gbé inú ilé ń san fún ìgbìmọ̀ ní "owó-orí", láìbéèrè bóyá orí ni ìgbìmọ̀ kà kó tó bu owó náà lé wọn. Ọ̀ràn náà dùn mí dé ọkàn, nítorí èdè Yorùbá kò tòṣì. Èdè tó ní àrán àti sányán nínú àpótí kò yẹ ní ẹni tí à ń wọ àkísà fún lọ sí òde.

Ìlú tí mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni Scarborough, ìlú apẹja àti ìlú afẹ́ tó wà létí Òkun Àríwá ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkè kan tí ilé olódi àtijọ́ wà lórí rẹ̀ pín etíkun rẹ̀ sí méjì. Láyé Ọba Henry Kejì, ní ọ̀rúndún kejìlá, ni ìlú náà ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba. Ní 1253, Ọba Henry Kẹta tún fún un ní àṣẹ láti máa ná ọjà ńlá kan fún ọjọ́ 45 lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ní 1974 ni wọ́n so àwọn ìlú bíi Whitby àti Filey pọ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, títí ìgbìmọ̀ náà fi kógbá sílé ní òpin oṣù kẹta 2023, tí ìgbìmọ̀ North Yorkshire sì gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìgbìmọ̀ Scarborough ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló ń tọ́jú etíkun, èbúté àti ọgbà ìtura, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹkùn, tó fìdí kalẹ̀ sí Northallerton, ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àti òpópónà.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kò fẹ́ àríyànjiyàn. Ìdìbò ni ìdìbò, alága ni alága, akọ̀wé ìlú ni akọ̀wé ìlú, akápò kò sì nílò agbẹjọ́rò. Wọ́ọ̀dù ti di ọmọ ilé wa láti ìgbà tí àwa náà ti ń dìbò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé e jáde. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbé ṣíwájú Máyọ̀, ọ̀pá àṣẹ ni. "Alderman", tó túmọ̀ sí àgbà ọkùnrin nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí òfin 1835 ní kí ìgbìmọ̀ máa yàn fún ọdún mẹ́fà mẹ́fà, tí wọ́n sì fòpin sí ipò rẹ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó wà lẹ́yìn London ní 1974, kò ní orúkọ mìíràn ju àgbà ìgbìmọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí mo máa ń fi yangàn. Òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń wọ ilé láti mọ̀ bóyá ó mọ́, tó ń wo ilé oúnjẹ bóyá ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ dára fún ara, olùyẹ̀wò ohun ìnira ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pè é. Ó di olùyẹ̀wò ìmọ́tótó. Ní 1956, wọ́n fi òfin sọ ọ́ di olùyẹ̀wò ìlera ará ìlú. Nígbà tó di 1974, wọ́n tún ń pè é ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Yorùbá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n rí i pé ilé ló ń wọ̀, ilé ló ń wò, wọ́n pè é ní wolé-wolé, orúkọ náà sì bá a kalẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ onímọ̀ èdè kan tó jókòó dá ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú tó rí iṣẹ́ náà ló dá a. Ìlànà tí mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé nìyẹn: kí a kọ́kọ́ bi oyè léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kí a tó bi ọ̀rọ̀ léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjú sí "borough" fúnra rẹ̀. Burh ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, borg ni lẹ́nu àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó sí etíkun ìlà-oòrùn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí a mọ odi yí ká. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ "ìlú olódi", ọ̀rọ̀ tó gún régé tó sì ti wà nínú Bíbélì wa. Yorùbá mọ odi, Yorùbá mọ yàrà. Ṣùgbọ́n odi ti wó tipẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú bẹ́ẹ̀, oyè wọn kò sì bá odi wó. Nígbà tí òfin 1835 tún ìṣàkóso irú ìlú 178 tò, kò sí ẹni tó lọ ka òkúta odi wọn. Ìwé àṣẹ tí ọba fi fún ìlú láti máa ṣàkóso ara rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Àṣẹ ni ọ̀pá òrùlé ibẹ̀. "Ìlú aláṣẹ" ni ìbá kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n aláṣẹ ni ẹni tó ni àṣẹ, oríkì ọba ni, ọba tí í ṣe aláṣẹ, èkejì òrìṣà. Ìlú yìí kò ni àṣẹ, ńṣe ló gbà á. Gba àṣẹ, gbàṣẹ. Fi a síwájú rẹ̀ bí a ti fi í síwájú pẹja tó di apẹja, ó di agbàṣẹ. Ìlú agbàṣẹ: ẹ gbọ́ bó ti ń dún bí ọ̀rọ̀ tó ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé! Kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í pè mọ́ agbaṣẹ́ṣe, nítorí iṣẹ́ ni ti ọ̀hún gbà, ohùn òkè iṣẹ́ náà sì wà lórí rẹ̀ bí ìlà ojú. Lóde òní oyè náà kò fi kún agbára ìgbìmọ̀, ìyì ló fi kún un. Síbẹ̀ ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ adé ló ṣì ń mú un wá, nítorí náà agbàṣẹ ṣì dúró.

"By-law" ni èyí tí ẹsẹ̀ àwọn atúmọ̀ ń kọ́ jù. Wọ́n rí by, wọ́n rò pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́" ni, wọ́n sì kọ "òfin ẹ̀gbẹ́", bí ẹni pé òfin ńlá ń rìn lọ, òfin kékeré sì ń tẹ̀ lé e lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bý ni ìlú tàbí abúlé nínú èdè àwọn ará Scandinavia yẹn kan náà, òun ló sì wà nídìí orúkọ Whitby, ìlú tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ Scarborough gan-an títí di 2023, àti Grimsby tó wà níhà gúúsù. Òfin ìlú ni ọ̀rọ̀ náà láti ilé wá! Ṣùgbọ́n "òfin ìlú" ti ní ẹrù tirẹ̀ lórí lọ́dọ̀ wa, nítorí ìlú lè jẹ́ Scarborough, ó sì lè jẹ́ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni "òfin ìbílẹ̀" ti di ti ìgbéyàwó àti ogún pínpín ní kóòtù wa. Èmi yan òfin abẹ́lé. Òfin tí ìgbìmọ̀ ṣe lórí ajá tí wọ́n ń mú rìn létíkun kò kọjá ààlà ìgbìmọ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ ta ko òfin tí ilé aṣòfin ṣe ní Westminster. Abẹ́ òrùlé ló wà, Westminster ló sì ni òrùlé.

Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Gba ìmọ̀ ló di gbìmọ̀, ì tó wà níwájú ló sọ ọ́ di orúkọ: ibi tí olúkúlùkù ti ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Àwọn kan wá fẹ́ kí a máa pe ẹni tí wọ́n dìbò yàn sínú rẹ̀ ní "agbìmọ̀". Mo kọ̀ ọ́, nítorí àwọn ọlọ̀tẹ̀ pẹ̀lú a máa gbìmọ̀ pọ̀, etí Yorùbá yóò sì gbọ́ ọ̀tẹ̀ níbi tí kò sí ọ̀tẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ nínú ìwé, kánsílọ̀ lẹ́nu: àwọn méjèèjì yè kooro.

Orí Máyọ̀ ni ìjà wà. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ẹni tó tóbi jù ló ti wá, ìtóbi yẹn ló sì ń ti àwọn kan dé ìdí ọba. Bẹ́ẹ̀ ní ìlú agbàṣẹ lásán, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló ń yan ọ̀kan nínú ara wọn lọ́dọọdún. Ẹni náà a fi ẹ̀wọ̀n oyè kọ́rùn, a ṣe alága ìpàdé, a gba àlejò, ọdún a yí po, a bọ́ ẹ̀wọ̀n fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2000 wàyí, olórí ìgbìmọ̀ ló ń darí iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọba wo ló ń lo ọdún kan tó ń padà sílé? Ọba kì í padà sílé, ọba a wàjà. Baálẹ̀ ńkọ́? Inú ìdílé ni baálẹ̀ ti ń wá, ikú ló sì ń gbà á lórí oyè. Ọ̀rọ̀ náà tún le ju báyìí lọ, nítorí Hartlepool láti 2002 sí 2013, àti Torbay láti 2005 sí 2019, ní Máyọ̀ tí gbogbo olùdìbò yàn tààrà, tí agbára ìṣàkóso sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ kan, oyè méjì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá dá fún ọ̀kan yóò parọ́ mọ́ èkejì. N kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n àyálò tó sọ òtítọ́ sàn ju ìṣẹ̀dá tó purọ́ lọ. Ìtàn Èkó sì ti dá ẹjọ́ yìí fún wa: ní 1950 ni Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe di Máyọ̀ Èkó, àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, tí oyè náà sì parẹ́ ní 1953, ọba Èkó wà láàfin ní gbogbo ìgbà náà, Máyọ̀ ń jẹ́ Máyọ̀, ọba ń jẹ́ ọba. Kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ni ó kù. Orí ni "poll" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà àárín, tí ó fi jẹ́ pé owó-orí wa gan-an ni ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní 1990, tí ìjà ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ ní Trafalgar Square ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún náà. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1993 kò ka orí mọ́, ilé ló ń kà, ó sì pín ilé sí ìpele mẹ́jọ, láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé tó ní oṣù kẹrin 1991. Ẹni tó bá rántí ogun Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa fi kọ owó-orí ní 1968 sí 1969, mọ̀ pé orí inú owó-orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. "Owó ilé" kò bá owó tó ń ka ilé yìí mu, onílé ayálégbé ló ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní owó òde, owó tí a mú jáde láti inú ilé fún ohun tó jẹ́ ti gbogbo òde. Owó òde ilé ni tèmi.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni ti ilẹ̀ tó wà láàárín ibi tí omi òkun kún dé àti ibi tó fà sí. Etíkun fẹ̀ jù fún un. A ti ní àkúnya tẹ́lẹ̀. Kún àti fà yóò fún wa ní àkúnfà: ilẹ̀ àkúnfà. Odi òkun ni ògiri tí ìgbìmọ̀ ń mọ lòdì sí ìgbì lábẹ́ òfin 1949, òun sì ni odi tó yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ "ìlú olódi" gbà mú. Nígbà tí ilẹ̀ yẹ̀ ní Scarborough ní oṣù kẹfà 1993, tó gbé òtẹ́ẹ̀lì Holbeck Hall wó, tí ẹjọ́ fi dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2000, ojúṣe ìgbìmọ̀ tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ láre. Ojúṣe: ọ̀rọ̀ yẹn ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, kò béèrè ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdájọ́ mi nìyí: ìlú agbàṣẹ, òfin abẹ́lé, ọmọ ìgbìmọ̀, Máyọ̀, owó òde ilé, ilẹ̀ àkúnfà. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníròyìn, àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ìgbìmọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ìwé sí nílé: ẹ fi wọ́n sẹ́nu, ẹ fi wọ́n sínú ìwé. Ẹni tó bá sì ní èyí tó dára jù wọ́n lọ, kó mú un wá síta pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.