Erékùṣù mẹ́rin tó wà níwájú Nàìjíríà: Bioko, Príncipe, São Tomé àti Annobón

Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Ẹni tó bá dúró sí Limbe, ní etí òkun Kamẹrúùnù, lè fi ojú rí erékùṣù Bioko nígbà tí kùrukùru kò bá sí, nítorí nǹkan bíi kìlómítà 32 péré ló wà láàárín òun àti etí òkun. Tí a bá kọjá Bioko, tí a ń lọ sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, a ó kan Príncipe, lẹ́yìn náà São Tomé. Annobón ló gbẹ̀yìn. Òun ló kéré jù, òun náà ló sì jìnnà jù.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí gbogbo wọn. Ìlà kan náà ni wọ́n tò sí pẹ̀lú Òkè Kamẹrúùnù, òkè ayọnáyèéfín tí kò tíì kú: ó yọ iná ní 1999 àti ní 2000. Òkè tó ga jù ní Bioko, Pico Basilé, ju mítà 3,000 lọ. Ilẹ̀ tí irú iná bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń lọ́ràá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kòkó ń bọ̀ níwájú.

Láyé àtijọ́, nígbà tí òkun kò tíì kún tó báyìí, Bioko so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn Bubi, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Bantu, ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Àwọn mẹ́ta yòókù kò so mọ́ ilẹ̀ rí, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà tí àwọn Potogí rí wọn ní nǹkan bíi 1470. Ní 1493, ọba Potogí kó àwọn ọmọ kéékèèké ránṣẹ́ sí São Tomé, àwọn ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ àwọn Júù tó sá kúrò ní Sípéènì. Púpọ̀ nínú wọn kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń kó ẹrú láti Benin àti Kongo wá gbin ìrèké. Títí dòní, ọ̀rọ̀ Ẹdó wà nínú Forro, èdè tí wọ́n ń sọ ní São Tomé. Ní 1595, ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹrú jọ, wọ́n dìtẹ̀. Wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù January ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Potogí fi Bioko àti Annobón lé Sípéènì lọ́wọ́ ní 1778. Síbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ ìlú Clarence dó sí Bioko ní 1827, láti fi dènà ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn ará Sàró wá ń gbé ibẹ̀. Clarence náà ni John Beecroft fi ṣe ibùjókòó, ẹni tó wà lára àwọn tó kó ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè.

Kòkó wá ńkọ́? Láti Brazil ló ti dé São Tomé, ó sì tàn dé Bioko. Ní 1874, Squiss Ibaningo mú èso rẹ̀ láti Bioko wá sí Nàìjíríà. Ní 1879, Tetteh Quarshie mú tirẹ̀ lọ sí Gánà. Kòkó yìí ló sọ àgbẹ̀ Agége, Ìbàdàn àti Oǹdó di olówó, owó rẹ̀ ló sì kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ará Chicago, òórùn ṣokoléètì tó máa ń gba àárín ìlú kí ilé-iṣẹ́ Blommer tó ti ilẹ̀kùn ní 2024, kòkó náà ni.

Àwọn tó ń ká a ní erékùṣù kò jẹ adùn rẹ̀. Ní 1909, Cadbury ṣíwọ́ ríra kòkó São Tomé, nítorí pé bí ẹrú ni wọ́n ṣe ń lo àwọn ará Angola níbẹ̀. Ní Bioko, ọmọ Nàìjíríà ló ṣe iṣẹ́ náà láti 1942, Ìgbò àti Ìbíbíò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìyà pọ̀ débi pé ní 1975 sí 1976, ìjọba Nàìjíríà kó wọn padà wálé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Tí ẹ bá ń ka ìwé àtijọ́: Fernando Po ni Bioko, Pagalu ni Annobón. Clarence ni Sípéènì pè ní Santa Isabel. Malabo ni orúkọ rẹ̀ lónìí.